Ìbátan Ẹfinrin Tó Wọ Ìgò Olówó Ńlá

Ẹ wọ Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, láti Marina lọ sí Mile 2 lọ́sàn-án Jímọ̀. Kí ẹ tó dé Orílé-Ìgànmú, imú yín á ti mọ ẹni tó fín lọ́fínńdà àti ẹni tó fi òróró olóòórùn dídùn tí kò lọ́tí pa ọrùn ọwọ́. Nínú àwọn òórùn tó máa ń pẹ́ lára aṣọ, ọ̀kan wà tó dà bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Patchouli ni. Ewé ni, ìbátan ẹfinrin sì ni.

Àwàdà kọ́ o. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ẹfinrin, minti, lavender àti patchouli sí. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tiwa: lavender ni àwọn baba wa gbọ́ lẹ́nu Òyìnbó tí wọ́n sọ di lọ́fínńdà, títí tó fi di orúkọ gbogbo ohun olóòórùn dídùn inú ìgò. Orúkọ ìbátan ẹfinrin la ti ń pè láti ọjọ́ yìí.

Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni patchouli ti ń hù. Ní 1837, àlùfáà ọmọ Spain kan, Manuel Blanco, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ewéko Philippines; àárín àwọn minti ló tiẹ̀ tò ó sí. Aṣọ ló wá sọ ewé náà di olókìkí. Àwọn oníṣòwò Íńdíà máa ń fi ewé gbígbẹ rẹ̀ sáàárín ìborùn olówó iyebíye kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ju káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ òkè. Nígbà tí ìborùn dé Yúróòpù, òórùn ewé bá a dé. Oníbàárà wá mọ̀ pé èyí tó bá ń run bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó.

Septimus Piesse, onílọ́fínńdà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ohun tó tẹ̀ lé e sínú ìwé rẹ̀, The Art of Perfumery, ní 1855. Àwọn ará Faransé ti ń hun irú ìborùn náà, ó sì jọ ọ́. Òórùn nìkan ni wọn ò rí ṣe. Nígbà tí wọ́n tú àṣírí ewé, wọ́n kó o wọlé, wọ́n fi í sí aṣọ tiwọn, wọ́n ń tà á bí ojúlówó Íńdíà. Ayédèrú, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó bá rò pé Èkó ni wọ́n ti dá ìwà yẹn sílẹ̀, kó tún un rò.

Iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀ ṣá. Wọ́n á gé ewé, wọ́n á sá a gbẹ, kí wọ́n tó fi oru omi gbígbóná fa òróró rẹ̀ jáde. Òróró náà ki, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ló ń dáa sí i. Òórùn ọsàn tètè ń fò lọ. Patchouli ló ń dúró nísàlẹ̀, tó ń di àwọn yòókù mú. Ìdí nìyẹn tí Angel ti Mugler (1992) àti Coco Mademoiselle ti Chanel (2001) fi gbára lé e. Indonéṣíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá báyìí, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ní 1977, Ìgànmú gba àlejò FESTAC, kí ayé lè rí ohun tí aláwọ̀ dúdú ní. Ẹfinrin wà lára ohun tí a ní. Ó ń lé ẹ̀fọn, bí ìbátan rẹ̀ ṣe ń lé kòkòrò aṣọ. Thymol, tí wọ́n ń fi sínú omi ìfọnu lókè òkun, wà nínú òróró irú ẹfinrin kan. Síbẹ̀, ìdì ewé fún ọbẹ̀ àti àgbo inú rírun la ṣì ń ná lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba, ti wà ní Òṣòdì láti 1956. Òṣòdì sí Ìgànmú ò sì jìnnà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹfinrin pa abíyá o. Ohun tí ìborùn yẹn kọ́ wa ni pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa òróró, tó tún mọ ìtàn tí yóò so mọ́ ọn, ló ń pa owó. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́ kan bá fa ti ẹfinrin yọrí, kò ní wá orúkọ kiri. Lọ́fínńdà ti wà nílẹ̀. Orúkọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni.