Fọ́tò Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ọkọ̀ àti Ìgbé-ayé Ojú Pópó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ipò fọ́tò mu nínú iṣẹ́ ìtàn, nítorí pé fọ́tò ni ó sún mọ́ àfojúbà jù lọ fún ẹni tí a kò tíì bí nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu, oríkì, ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá gbára lé. Ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni fọ́tò sábà máa ń jẹ́ láàárín ojú ewé wọn. Fọ́tò àwọn ọkọ̀ àtijọ́ àti ti ìgbòkègbodò ojú pópó ni ìpatì yìí kàn jù, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa fi han ara wọn, nínú ilé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò ni irú ẹ̀rí tí ó wà nínú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí a kà wọ́n, àti ohun tí ó farasin nínú wọn.

Àwọn Ayafọ́tò

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ya fọ́tò ní Èkó ní ìgbà ìjọba amúnisìn. Ní 1895, George S. A. da Costa, ẹni tí a bí ní Èkó ní 1853, fi iṣẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé C.M.S. sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀. Neils Walwin Holm, tí ó ti Accra wá, ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Èkó ní àsìkò yẹn. Nígbà tí ó yá, E. H. Duckworth, olóòtú ìwé ìròyìn *Nigeria*, kó ọ̀pọ̀ fọ́tò jọ kiri orílẹ̀-èdè yìí. Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà ni àkójọ náà wà. Pierre Verger (1902–1996), ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo, ya ìgbé-ayé ọjà àti ojú pópó ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Bahia. Ìlú Salvador ní Brazil ni àwọn fọ́tò rẹ̀ wà. Ó hàn gbangba pé òkè òkun ni apá púpọ̀ nínú ẹ̀rí yìí fi ṣe ilé. Èyí tí ó kù nílé wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí àti àwọn ayafọ́tò àdúgbò, níbi tí òjò, ooru àti kòkòrò ti ń bá a jà.

Bí Ọkọ̀ Ṣe Dé Ojú Pópó

Ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, ọkọ̀ irin kékeré tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná àárín ìgboro Èkó, ó sì kógbá wọlé ní 1933. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí a là ní 1906, wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí náà fi tọwọ́ bọ òwò mọ́tò. W. A. Dáwódù ń ta ọkọ̀, ó sì ń tún un ṣe ní Èkó. Charlotte Ọláj́ùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize, ni ó dá ọkọ̀ èrò Àǹfààní sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Sàlámì Àgbájé sì fi mọ́tò ṣe òwò ńlá ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó rò pé òyìnbó nìkan ni ó ni ín kò tíì rí òótọ́ tán.

Lọ́rì ni ó gba ojú fọ́tò jù láti nǹkan bí 1930 lọ. Ẹ́ńjìnnì àti férémù rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà ilé ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán sì ń kọ nǹkan sí i lórí. Nítorí náà, fọ́tò lọ́rì jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá bí ó ti jẹ́ ẹ̀rí ọjà òyìnbó.

Bí A Ṣe Lè Mọ Ọdún Fọ́tò

Irú ọkọ̀ ni atọ́nà kìn-ín-ní. Láti 1908 dé 1927 ni ilé iṣẹ́ Ford ṣe Model T. Lọ́rì Bedford jáde ní 1931, Morris Minor ní 1948, Peugeot 404 ní 1960, Peugeot 504 ní 1968. Fọ́tò tí Peugeot 404 bá wà nínú rẹ̀ kò lè ṣáájú 1960. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ti ogún ọdún lẹ́yìn náà, nítorí ọkọ̀ kì í kú lọ́jọ́ tí a dẹ́kun àtiṣe é. Ọkọ̀ ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kì í sọ ìgbà tí kò lè kọjá.

Ilé ni atọ́nà kejì. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn di lílò ní 1929, Ilé Kókó ní Dùgbẹ̀ sì parí ní 1965. Bí fọ́tò Dùgbẹ̀ bá kọjú sí ibi tí ilé gogoro yẹn yẹ kí ó wà, tí kò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣáájú kí a tó kọ́ ọ.

Atọ́nà kẹta ni ọwọ́ tí ọkọ̀ ń gbà. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí a yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣọ́ra gba ibí, torí pé bí ẹni tí ó tẹ fọ́tò bá dojú fíìmù kọ ẹ̀yìn, òsì á di ọ̀tún. Kí a kọ́kọ́ wo lẹ́tà ara pátákó ìpolówó bóyá ó ṣe é kà. Iye owó tí a kọ sí ara ọjà náà ń ṣe ìrànlọ́wọ́: bí ó bá jẹ́ ṣílè àti pọ́n-ùn, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò náà ṣáájú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, nígbà tí náírà gba ipò wọn.

Èdè Inú Fọ́tò

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbí fún onímọ̀ èdè kò kéré. Kí irin àti mọ́tò tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni ‘ọkọ̀’ ń tọ́ka sí. Nígbà tí ti ilẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ náà fẹ̀, ó sì di dandan kí a máa fi ẹ̀yán yà wọ́n sọ́tọ̀: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ akẹ́rù. Ìró àti ìrìn ni ‘ayọ́kẹ́lẹ́’ ṣe àpèjúwe, bí ‘ológeere’ ti ṣe fún kẹ̀kẹ́. Ní ti ‘bọ́lẹ̀kájà’, odindi gbólóhùn àṣẹ ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Fọ́tò inú rẹ̀ ni ó jẹ́ kí orúkọ náà yéni: èrò dojú kọ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì pákó, orúnkún ń kan orúnkún, ìjà kò sì jìnnà.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí iwájú orí lọ́rì náà jẹ́ ibi ìwádìí. ‘Aiye l’oja’ àti ‘Suru l’ere’ jẹ́ irú àkọtọ́ tí ó ṣáájú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ara ọkọ̀ kì í lọ bá ìgbìmọ̀ kí ó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Àkọtọ́ àtijọ́ wà lára ọkọ̀ pẹ́ títí lẹ́yìn náà. Ohun tí a rí kọ́ nípé ara ọkọ̀ wà lára ibi tí àwọn tí kò ka ìwé púpọ̀ ti ń rí Yorùbá kà lójoojúmọ́.

Ohun Tí Fọ́tò Kò Fi Hàn

Fọ́tò títì tí ó mọ́ tónítóní, tí ọkọ̀ méjì péré wà lórí rẹ̀, a máa mú kí olùwòran sọ pé ayé àtijọ́ dára. Kò yẹ kí a tètè gbà bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni àwọn tí ó lè ra mọ́tò. Àwọn tí ó la ọ̀nà náà kì í sì í sábà sí nínú fọ́tò, nítorí ẹrú-ṣẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀nà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ àfipáṣe láìgbowó wà lára ohun tí ó bí àwọn Ẹ̀gbá nínú pẹ̀lú owó orí, tí Ogun Adùbí fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1918. Orúkọ ọkọ̀ àti ti olówó tí ó ni ín ni a sábà ń kọ sí abẹ́ fọ́tò; ìyá tí ó gbé igbá rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kò lórúkọ.

Àgbálọgbábọ̀

Pínpín tí a ń pín fọ́tò wọ̀nyí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ọ̀pọ̀ jáde láti inú àpótí. Ewu rẹ̀ ni pé a ń gé orúkọ ayafọ́tò kúrò, a sì ń fi ọdún àti ìlú tí kò jóòótọ́ sí i. Ẹni tí ó gbà á lẹ́yìn á tún pín in bí òótọ́. Iṣẹ́ ń bẹ fún àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fọ́tò tọ àwọn àgbà lọ, kí ó bi wọ́n léèrè orúkọ ènìyàn, ti àdúgbò àti ti ọkọ̀, kí ó sì kọ èsì wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Fọ́tò lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í wà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá bi í léèrè kí ó tó lọ, àwòrán ni yóò kù. Ìtàn rẹ̀ yóò ti bá a lọ.