Àjọwò tàbí àjọlò?

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àtijọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó wà lókè òkun bá mi tún kọ̀ǹpútà mi ṣe, torí àmì ohùn kò jáde lórí rẹ̀ mọ́. Mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀, ni ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri fúnra rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ní, "Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà kòrónà ni irú èyí dé. Rárá o. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968, ní San Francisco, Douglas Engelbart fi han nǹkan bí 1,000 èèyàn bí òun àti ẹnì kan tó wà ní Menlo Park, tó jìn tó nǹkan bí máìlì 30, ṣe lè jọ wo iṣẹ́ kan náà lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tiwa níbí ló wù mí jù. Ní 1998, Jesús del Alamo ní MIT so ẹ̀rọ tó ń wọn transistor mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìwọ̀n iná tó fẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀rọ á ṣe é, àwòrán èsì á sì padà wá bá a, ì báà jẹ́ lóru. Èyí ló di iLab. Nígbà tó yá, pẹ̀lú owó Carnegie Corporation, Makerere, Dar es Salaam àti OAU tiwa wọ inú rẹ̀. Ọmọ jókòó sí Ilé-Ifẹ̀, ó ń wọn transistor tó wà ní Massachusetts! Iye àti àwòrán kékeré ló ń rìnrìn àjò, èyí sì bá íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà mu, tó kéré, tó tún wọ́n bí ojú.

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ láàbù tiwọn sí Ifẹ̀, ti operational amplifier, èyí tó bá ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn mu. Ẹni tó ń yá ẹ̀rọ lò tẹ́lẹ̀ ti ní tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Mo ń gbọ́ "pín ojú kọ̀ǹpútà". Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá pín iṣu, ti oníkálukú á kéré sí odidi. Ojú kọ̀ǹpútà kì í kéré, gbogbo wa là ń rí i tán. Mo fara mọ́ "àjọwò". Bí ọwọ́ ẹlòmíì bá tún wọ̀ ọ́, "àjọlò" ni. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe fún mi ńkọ́? Òun nìkan ló lò ó, èmi kàn ń wòran ni, àbí? Mo ti sọ fún un pé nígbà mìíràn kó máa wò, kó máa júwe, kí ọwọ́ tèmi ṣe é. Ó ní, "Prof, ó máa gbà wá tó wákàtí kan o." Mo ní kò burú, mo ti fẹ̀yìn tì.