Ṣé ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ sanwó kí orúkọ rẹ̀ lè tàn lórí ìkànnì iṣẹ́?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wá òṣìṣẹ́ ní Kambolé, ẹnu ló fi ń wá a: á sọ fún ará ilé, á sọ fún àwọn tó bá pàdé lọ́jà. Lónìí, ilé ìwé aládàáni àti ilé ìwòsàn ní Tchamba tàbí Sokodé lè gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún ọ̀gá pé: «Ẹ fowó díẹ̀ kún un, kí ojú-ewé yín lè rẹwà.» Ó dáa ká mọ ohun tí à ń rà.

Kí ni wọ́n ń tà?

Ní 1996, Tim Ambler àti Simon Barrow kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí ọjà ṣe ní orúkọ lójú oníbàárà, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ní orúkọ lójú òṣìṣẹ́. Orúkọ yìí ni àwọn ìkànnì ń bá àwọn ọ̀gá polówó. LinkedIn bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Glassdoor, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń sọ bí ọ̀gá wọn ṣe rí, tẹ̀ lé e ní 2008. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dá Jobberman sílẹ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀.

Lórí LinkedIn àti Glassdoor, ọ̀fẹ́ ni ojú-ewé kékeré: orúkọ, ìlú, irú iṣẹ́. Ẹni tó bá sanwó á rí àyè fún àwòrán àti fídíò púpọ̀ sí i, á sì rí ìsọfúnni púpọ̀ sí i nípa àwọn tó wá wò ó. Àmọ́ o, owó kò lè ra ohun gbogbo. Glassdoor kì í tìtorí pé ẹ sanwó kó pa ọ̀rọ̀ burúkú tí òṣìṣẹ́ kọ rẹ́. Ọ̀fẹ́ sì ni láti fèsì sí i.

Ta ló lè jèrè níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká sọ pé 300 000 FCFA ni wọ́n ń gbà lọ́dún. Bí ilé ìwé kan bá gba olùkọ́ méjì, 150 000 ló ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. SMIG Togo jẹ́ 52 500 láti oṣù kìíní 2023, nítorí náà owó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ńlá tó gba ogún ènìyàn, 15 000 péré ni. Ẹni tó ń gba ènìyàn lemọ́lemọ́, tó ń wá oníṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n, tí àwọn tó ń wá sì wà lórí ìkànnì yẹn, owó rẹ̀ lè má ṣòfò. Ẹni tó ń wá awakọ̀ kan ní Kambolé, kó tọ́jú owó rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe

Ẹ kún ojú-ewé ọ̀fẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ lọ sí ANPE ní Sokodé. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn fún ọ̀gá àti fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹ bi gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá gbà pé: «Níbo lo ti gbọ́ nípa wa?» Bí ẹ bá ti sanwó, tí ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ìkànnì náà títí ọdún fi parí, ẹ má san án mọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ san owó oṣù lásìkò, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí CNSS. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta á sọ ọ́ dé Tchamba kí fídíò yín tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ojú-ewé tó rẹwà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bi ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Bí ilé iṣẹ́ aládàáni bá ní kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kó tó gbà yín, ẹ yáa sá.