Ṣílè Àtijọ́: Dídán Nìkan Kọ́ Ni Iyì Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa ní òkè òkun, bí ẹ bá fẹ́ ra ṣílè àtijọ́ pamọ́ fún àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín jẹ.

Ní 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde, tòun ti àwòrán igi ọ̀pẹ. Ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́. Òun ni àwọn baba wa gbà lórí kòkó, òun ni wọ́n sì fi san owó-orí.

Bí fàdákà bá ti ń pẹ́, a máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé owó náà sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti ha á, ẹ óò rí ìlà tín-ín-rín tí ó kọjú sí ọ̀nà kan náà. Dúdú a sì kù sí ìdí lẹ́tà nígbà tí ojú owó funfun báláú.

Èyí tí ó wà nínú àpótí ìyá àgbà ńkọ́? Ẹ má fi eérú tàbí kànìnkànìn kàn án. Àwọ̀ ogbó yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá fọ̀ ọ́ dànù, kò ní padà mọ́.