Òjìji Lára Ògiri: Ẹ̀rù Láìsí Ẹ̀jẹ̀ Nínú Sinimá Val Lewton

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Val Lewton kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ òwe yìí jù ú lọ nínú àwọn tí ń ṣe sinimá adẹ́rùbani.

Ní 1942, ilé-iṣẹ́ RKO ní Hollywood wà nínú ìnira owó. Citizen Kane tí wọ́n gbé jáde ní 1941 kò mú èrè wá. Wọ́n wá gba Lewton láti máa ṣe sinimá adẹ́rùbani tí kò ní gba owó púpọ̀. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 150,000 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ni yóò máa yan orúkọ tí sinimá náà yóò jẹ́. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Cat People.

Ìtàn Irena ni, obìnrin tí ó gbà pé òun lè di ẹkùn. Ní 1941, ilé-iṣẹ́ Universal ti fi irun bo òṣèré lójú nínú The Wolf Man. Lewton àti Jacques Tourneur, olùdarí eré náà, kò tọ ọ̀nà yẹn. Ní òru, Alice ń dá rìn lọ. Ìró bàtà ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójijì, ìró ẹ̀yìn dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ohùn kan wá sọ bí ti ẹkùn tí inú ń bí: bọ́ọ̀sì ni, ó ń dúró gba èrò! Ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, òjìji lára ògiri àti ìkùn ẹranko nìkan ni a bá pàdé. Lẹ́yìn náà ni Alice rí aṣọ rẹ̀ tí ó ti fàya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Kí ni ó wá dẹ́rù bani níbẹ̀? Iyèméjì ni. Bóyá ẹkùn ni, bóyá owú obìnrin ni. Olúkúlùkù òǹwòran ni ó ń fi ọkàn ara rẹ̀ ya ẹranko náà, kò sì sí ẹni tí í ya èyí tí kò lè ba òun lẹ́rù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣàn lójú wa, iyèméjì parí, ẹ̀rù a sì di ìríra.

Àwọn ọ̀gá takú pé àfi kí ẹkùn hàn; Tourneur fi í sínú òkùnkùn. Sinimá náà mú èrè púpọ̀ wá.

Lewton kú ní 1951, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Robert Wise, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olùdarí lábẹ́ rẹ̀, ṣe The Haunting ní 1963. A kò rí iwin kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó ń wú, tí ó ń fà sẹ́yìn, bí ẹni pé ó ń mí.