Ìgbì Nínú Irin: Àtúnyẹ̀wò Ère Quantum Man

Àlàyé tó gbilẹ̀ lórí Quantum Man, ère irin tí Julian Voss-Andreae ṣe ní 2006, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá dúró níwájú ère náà, odindi ọkùnrin tó ń rìn la máa rí. Bí a bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, nítorí àlàfo tó wà láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀rí rèé, ni wọ́n ń wí, pé òǹwòran ló ń pinnu ohun tó wà, gẹ́gẹ́ bí físíìsì kúáńtọ̀mù ṣe sọ. Èmi ò gbà.

Ohun méjì ni wọ́n lú pọ̀ mọ́ra. Ọ̀tọ̀ ni kí ibi tí a dúró sí yí ohun tí a rí padà. Ọ̀tọ̀ ni kí wíwò wa kan nǹkan náà lára. Ká ní ẹnì kan dúró níwájú, tí ẹnìkejì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan rí ọkùnrin, èkejì rí àlàfo. Bí wọ́n bá pa ohun tí wọ́n rí pọ̀, wọ́n á lè ya gbogbo ère náà sórí ìwé. Ohun tí onífísíìsì Niels Bohr ní kò ṣeé ṣe gan-an nìyẹn: ètò ìdánwò tó ń fi ìgbì hàn àti èyí tó ń fi ọ̀nà tí èérún gbà hàn kì í wáyé pọ̀, a kò sì lè so àbájáde wọn di àwòrán kan ṣoṣo.

Bóyá mo ti le jù, torí àfiwé ni Voss-Andreae fúnra rẹ̀ pe ère náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń fojú fò: àwọn irin yẹn dábùú ọ̀nà tí ọkùnrin náà ń tọ̀, bí iwájú ìgbì ṣe ń dábùú ọ̀nà èérún nínú ìṣirò onífísíìsì de Broglie. Ẹni tó tò wọ́n mọ ohun tó ń ṣe. Ó wà lára ikọ̀ Anton Zeilinger ní Vienna tó fi hàn ní 1999 pé mólékù alátọ́ọ̀mù 60 ń hùwà bí ìgbì. Inú ètò irin náà ni kúáńtọ̀mù wà.

Ẹ fi wé Quantum Cloud, ère Antony Gormley ní Greenwich, tó ga ní mítà 30. Kọ̀ǹpútà ló fi ìrìn àìròtẹ́lẹ̀ to àwọn ọ̀pá irin rẹ̀, àmọ́ láti ojú àwòṣe ara Gormley ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo rí kúáńtọ̀mù sí.

Mo sọ ọ́ gbangba: ère tó dúró sójú kan kò lè gbé ọ̀rọ̀ wíwò inú kúáńtọ̀mù. Iṣẹ́ ọnà tí wíwò apá kan rẹ̀ bá ń pa apá kejì rẹ́ pátápátá ló lè gbé e.