Aago Mẹ́sàn-án Alẹ́ ní Yewa

Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fèsì, wọn ò gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó bí WNTV n'Íbàdàn, 31 oṣù Kẹwàá 1959.

Ní 1977, ìjọba ológun fi òfin kó gbogbo tẹlifíṣàn sábẹ́ NTA. Tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ìròyìn kan náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló ń dé Ìlaròó, Kano àti Enugu. 1992 ni wọ́n tó gba aládàáni láàyè.

Àwa ará Yewa mọ ohun tíyẹn ṣe. Òyìnbó ti fa ààlà sáàárín wa láti 1889: Kétu bọ́ sọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ kù síhìn-ín, ọmọ ìyá kan náà. Tẹlifíṣàn Kútọnu ń fi Faransé sọ wọ́n di ará Benin. Tiwa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ wá di ọmọ Nàìjíríà.

Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n: ohun tí o bá kọ́kọ́ yàn fún èèyàn, òun ni ọ̀pọ̀ á máa lò lọ. Ní báyìí, fóònù ti wà lọ́wọ́ wa. Ta ló ń fi Yorùbá ròyìn Kétu fún Ayétòrò?